Ẹnjiníà Tí Ẹ̀rù Omi Ń Bà

                                        Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmòòkùn,
                                        Ẹ̀yìn Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́,
                                        Ojúlé Kọkànlá.
                                        Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Ẹni tó fi ìwé kejì sílẹ̀ nítorí pé kò ní bàtà, tó ru yanrìn títí àárín orí rẹ̀ fi pá, tó fi ọdún mẹ́ta ha ìdọ̀tí ara ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀gá tí kì í dá a lóhùn bó bá kí i, tó sùn nínú ọkọ̀ tó ń jò tí ẹja kéékèèké fi ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń kí ọ o. Òun náà ni lọ́yà àti dókítà ń bẹ̀ lónìí pé, “Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ wa sílẹ̀.” Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, àwọn tí o ń fi ojú lásán bá wí? Bí o bá rí àṣìkọ níbí, fi bíró pupa rẹ sínú àpò, ìyá olùkọ́. Ọwọ́ tó kọ ọ́ kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ omi.

Ara wa le. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n má parọ́ nínú lẹ́tà yìí, èmi kò sì mọ ohun tó fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

O béèrè bóyá mo ṣì ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń pọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn mòòkùn. Mo ṣì ń kọ́ wọn o. Ẹni tí kò bẹ̀rù omi kì í wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń gbọ̀n ni wọ́n ń darí sí mi, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fìdí rẹmi lọ́wọ́ mi rí. Mẹ́ta ni wọ́n lóṣù yìí. Ìyá kan tó ń ta òògùn wà níbẹ̀, ó di àkàbà adágún mú fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń sọ fún mi pé òun ti wọnú omi. Omi kò tíì dé orúnkún rẹ̀! Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá níwájú rẹ̀ lábẹ́ omi, á yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lẹ́nu, á ní kí òun kí mi kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tì í bọ ẹnu rẹ̀ padà. Nígbà tí a jáde, mo ní, “Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ kú ni?” Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ojú mi kò lè rí àgbà kí ẹnu mi dákẹ́.”

Ẹnìkẹta ló fa lẹ́tà yìí. Ẹnjiníà afárá ni. Ọ́fíìsì wọn ń wá ẹni tí yóò máa mòòkùn lọ wo ẹsẹ̀ afárá bóyá ó ti ń sán. Wọ́n ní bí kò bá mú ìwé-ẹ̀rí dé ní ọjọ́ Ẹtì, igbákejì rẹ̀ ni yóò gba ipò náà. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló sì ti dá a padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ tó mú un wá sọ fún mi pé, “Bàbá, ọkọ mi kì í bọ́jú láìdi nǹkan mú.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọwọ́ àgbà ló bọ́ sí.

Àbúrò mi, ìbẹ̀rù ọkùnrin yìí lágbára! Á wo aago tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, á tún un wò, á wo ti awakọ̀, á wo ti ìyá olóògùn. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí èjì-èjì yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó wọ omi, ó sì ń ṣe é bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Èmi ńkọ́? Ta ni yóò yẹ èmi wò? Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan okùn ara mi.

Ọjọ́ kẹrin ló tó gbà kí omi wọ inú awò ìmòòkùn tó bo ojú àti imú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ adágún, mo dì í lọ́wọ́ mú, ó fi imú fẹ́ omi náà jáde, ó la ojú. Ṣe ló dì mọ́ mi bí ọmọ tó sọnù lọ́jà tó rí ìyá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ sí omi gidi fún ìdánwò. Nínú ọkọ̀, mo ń sọ ìtàn ẹja kan tó ga jù mí lọ, bí mo ṣe wò ó lójú tó sì yà fún mi. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń di okùn. Mo ṣí ẹnu sìlíńdà mi díẹ̀, mo gbàgbé láti ṣí i tán. Bí mo ṣe ń mí, ọwọ́ aago afẹ́fẹ́ mi ń jó sókè-sódò, àmì pé ẹnu sìlíńdà kò ṣí tán. Mi ò rí i. Ẹnjiníà rí i. Ó wo aago, ó wo ojú mi, ó la ẹnu. Mo ní, “Kí ló dé? Ẹ̀rù tún ti dé?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

A dé ìsàlẹ̀, níbi tí ènìyàn mẹ́fà lè gun ara wọn léjìká kí omi má jẹ́ kí o rí ẹni òkè. Mo mí, afẹ́fẹ́ wá tín-ín-rín. Mo tún mí, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi nínú ìgò tí wọn kò ṣí. Mo fẹ́ tàpá sókè, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá sáré gòkè ń wá ikú. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti di èjìká mi mú. Ẹnjiníà ni! Kò tíì mójú kúrò lára mi láti òkè. Ó fa rọ́bà kejì tó wà lára rẹ̀, ó tì í bọ ẹnu mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà kí n rọra mí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn mi, ó sì yí ẹnu sìlíńdà mi títí tó fi ṣí tán.

Bí a ṣe gòkè, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà ìmòòkùn tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo rí i kí a tó wọ omi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún àgbà.” Awakọ̀ ní, “Èmi náà rí i.” Ìyá olóògùn ní, “Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.” Ẹni mẹ́ta! Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sin mí!

Orí orúnkún mi ni mo ti fọwọ́ sí ìwé ẹnjiníà lójú ẹsẹ̀. Lánàá, ìyàwó rẹ̀ pè mí pé ipò ti di tirẹ̀. Má gbàgbé pé èmi ni mo kọ́ ọkùnrin náà. Bí olùkọ́ kò bá dáńgájíá, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lè yọ ọ́. Ìyá àwọn ọmọ ní ọ̀nà mìíràn wà tí ènìyàn lè gbà sọ ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má gbé ohun tó wúwo. Kí àwọn ọmọ, kí àwọn tíṣà abẹ́ rẹ náà, kí o sì sọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ fún wọn. Ọwọ́ àgbà kò wọ kèrègbè, mo sì ti wá rí i pé kò dé ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn mẹ́fà mìíràn tí ẹ̀rù omi ń bà ń bọ̀. Èmi ni yóò kọ́kọ́ dúró létí adágún, màá gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tí télọ̀ fẹ́ wọ̀n, màá ní kí ẹni tó kéré jù nínú wọn yẹ̀ mí wò láti orí dé ẹsẹ̀, kó sì pariwo ohun tó bá rí kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹni tó bá ń tijú mi kò ní wọ omi lọ́jọ́ náà.

                                        Èmi tìrẹ, lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ omi,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Baba Abẹ́-Omi.