Yanrìn Funfun Iwájú Ilé Wa

Ìgàndó, Èkó.
Oṣù Kẹwàá.

Olúwadọ̀tun, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Jàpáàn, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ jà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá òun fi kọ lẹ́tà dípò kó tẹ òun láago. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù, mo bá yí i sí ọ̀rọ̀ òjò. Abdulganiyy, ọmọ Alhájì òpópónà wa, ń padà sí ọ̀dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán.

O rántí ibi tí o mú mi lọ ní Kíótò, tí a bọ́ bàtà, tí a jókòó sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìwọ ń ya fọ́tò, tí èmi ń wo yanrìn. Yanrìn lásán tí wọ́n fi réèkì fà bí ìgbì omi, pẹ̀lú òkúta mélòó kan láàárín rẹ̀. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé tìtorí èyí la ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin. N kò sọ fún ọ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ibẹ̀ ni àyà mi ti kọ́kọ́ fúyẹ́. Kí n tó padà dé Ìgàndó ni mo ti pinnu pé irú rẹ̀ ni màá ṣe síwájú ilé wa.

Mo ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré iwájú ilé. Típà já yanrìn funfun, mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Mo wá òkúta dé ọ̀nà Abẹ́òkúta, mo tò wọ́n, mo tún wọn tò. Mo gbin ọparun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, mo kan bẹ́ńṣì pákó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àràárọ̀ ni mo sì ń fa réèkì. Àwọn adìyẹ Ìyá Mardiyah nìkan ni ọ̀tá mi. Ó dára, Dọ̀tun. Èmi tí n kì í yin ara mi, mo yin ara mi.

O mọ Hephzibah, ìyàwó Gideon tó ń gbé, tó sì ń kan àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Oyún ti wálẹ̀ lára ọmọbìnrin náà rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti tún lóyún nígbà tó wọlé wá pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ wa bí gbogbo ará àdúgbò ṣe ń ṣe, ó rí yanrìn, ó dúró. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ sálúbàtà, ó ti kúnlẹ̀. Mo rò pé yẹtí rẹ̀ ló bọ́. Ìgbà tó gbé àbẹ́là àti ìgò omi wá lọ́jọ́ kejì ló tó yé mi: ilẹ̀ àánú ló pè é, irú ibi oníyanrìn tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí bẹ Ọlọ́run. Ó ní, “Dádì, a ò mọ̀ pé ẹni ẹ̀mí ni yín o, ẹ ṣáà ń fi pa mọ́ fún wa.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọgbà lásán ni, òkè òkun ni mo ti rí i. Ó ní Ọlọ́run ló fi hàn mí níbẹ̀. Ṣé kí n wá máa bá aboyún jà ni? Tó bá ti lọ, màá tún réèkì mi fà.

Oyún náà dúró, ó dàgbà kọjá ibi tí àwọn tó ṣáájú dé. Ayọ̀ ni fún gbogbo wa. Àfi ìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ náà wú. Mo bi í ní ohun tí dókítà sọ. Ó ní òun ò lọ ọsibítù mọ́, ilẹ̀ yìí ti gbọ́ tòun, bí àwọn obìnrin Hébérù lòun máa bí. Ẹ̀rù bà mí. Bí ìyá rẹ ṣe wú nìyẹn nígbà oyún rẹ, díẹ̀ ló kù kí n pàdánù ẹ̀yin méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ ọkọ rẹ̀. Gideon ní òun ti sọ títí, kò gbọ́.

Inú bá bí mi. O mọ bàbá rẹ. Mo ní, “Hephzibah, wò mí dáadáa. Ibi tí mo ti wo àwòkọ ọgbà yìí, ilé òrìṣà àwọn ará Jàpáàn ni. Ère wà nínú ilé, yanrìn wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ àánú kọ́ lò ń dùbúlẹ̀ sí.” Mo rò pé ojú á tì í díẹ̀, á sì gba ọsibítù lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ. Ó wo yanrìn, ó wo ikùn rẹ̀, ó figbe ta. “Yéè! Dádì, ẹ ti pa mí! Òrìṣà ni mo gbé ọmọ mi fún?” Ó sáré jáde láìwọ sálúbàtà.

Ọjọ́ kejì ni Gideon sáré wá bá mi. Ó ní ìyàwó òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀gùn, lórí ilẹ̀ àánú gan-an, ó ń gbààwẹ̀ láìfi omi kan ẹnu, kí Ọlọ́run lè wẹ ọmọ inú rẹ̀ mọ́. Ìyá Àdúrà wọn pàápàá ti bẹ̀ ẹ́ kó mu omi, kò gbà. Èmi àgbàlagbà yìí gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà kòtò yẹn. Mo bá a níbi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣe bàìbàì. Mo sọ̀rọ̀, mo ka Bíbélì, kò wo ojú mi.

Dọ̀tun, mo bọ́ bàtà, mo wọ inú yanrìn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí mo lè bí. Ibi tí à ń pè lórí, mo fi tẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pariwo. Ìwọ náà mọ̀ pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, èpè ni wọ́n kà á sí fún ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún. Hephzibah fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. “Dádì, ẹ dìde! Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ má ṣépè fún mi, ẹ jọ̀ọ́!” Mo ní n kò ní dìde àfi tó bá bá wa lọ ọsibítù. Ó sunkún títí, ó wá ní, “Màá lọ. Ẹ ṣáà dìde.” Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀rù ni mo fi lé ẹ̀rù.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá bó ṣe yẹ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un lójú ẹsẹ̀. Obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré gan-an, inú àpótí gíláàsì tó ń móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kò tíì lè mu ọmú. Mo lọ kí ìyá rẹ̀ lánàá. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, “Dádì, ṣé wọ́n á wá gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi?” Mo ní ta ni. Ó ní, “Àwọn tẹ́ ẹ sọ.” Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀, ọmọ mi, kò sẹ́nì kankan. Ó yíjú sí ògiri.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Bí ọmọ yẹn bá kú, èmi ni Hephzibah máa rí títí ayé. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí ni mo gbà là tàbí èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Bá mi gbàdúrà, kí o sì fèsì kíákíá, nítorí n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún bí ìwọ.

Ọlọ́run tó mú ọ la òkun kọjá á mú ọ padà wá bá mi láàyè. Ìwọ náà á gbé ọmọ tìrẹ pọ̀n, ẹkún kò ní jẹ́ tìrẹ níbi tí wọ́n ti ń bímọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò ní ẹlòmíràn tó ń kọ̀wé sí,
Ṣóbọ̀wálé.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí kí n tó tún já a. Gideon ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Ọmọ náà mu ọmú láàárọ̀ yìí, dókítà ní yóò yè. Mo dìde kí n wọ bàtà lọ wò ó, Gideon dì mí lọ́wọ́ mú. Kò lè wojú mi. Ó ní Hephzibah ní kí n má bínú, òun ò fẹ́ kí n fojú kan ọmọ náà láéláé. Kò burú. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tèmi. Tí ọmọ náà bá ń sunkún, màá máa gbọ́.