Ọwọ́ Tútù Nínú Ìpara Ọmọ

Màámi tòótọ́,

Èmi ni mo ń kọ èyí fúnra mi. Ẹ ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi, nítorí ẹ̀yìn tí ẹ papò dà ni mo tó wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì. Bí ìlà mi bá wọ́, ẹ má bínú. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mojísọ́lá, ọmọ tí Fúnmi mi bí, ti bímọ obìnrin. Ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá kí n lè máa bá a wẹ̀ ẹ́, bí ẹ ṣe bá mi wẹ Fúnmi ní Ìlọrà. Inú mi dùn débi pé kò sí ọlọ́sàn kan lẹ́bàá títì tí n kò tíì sọ fún. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà gbẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bó bí ìpẹ́ ẹja, ó sì ń sunkún bí a bá ti ń wọṣọ fún un. Mo fi òrí àti àdín pa á lára bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kò rọ̀. Mojísọ́lá wá fẹ́ fi ìpara tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe pa á, èyí tó lọ kọ́ ní Ìbàdàn. Ìpara náà ní omi nínú, Màámi. Omi.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣọ́ igbá òrí yín? Ẹ ó nu ṣíbí gbẹ kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Èmi tí mo máa ń sáré ti odò bọ̀, tí n ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ sọ mí ní Ọlọ́wọ́-tútù, ẹ sì ń gbá mi lọ́wọ́ títí mo fi mọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kán síbẹ̀, kí òrí má baà bàjẹ́. Gbogbo ọmọ tí mo ti fi òrí pa lára láti ìgbà náà, ọwọ́ gbígbẹ ni mo fi ṣe é. Ọmọ yìí wá ń mọ̀ọ́mọ̀ da omi sí i.

Ó rí i pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́, ló bá pè mí sí ilé ìdáná. Ó da omi àti àdín sínú ìgò kan, ó mì í títí ó fi funfun. Kí n tó ro ọbẹ̀ mi tán, àdín ti gòkè, omi ti wà nísàlẹ̀, bí orogún méjì tó ń bínú síra wọn. Ó wá mú nǹkan funfun kan, tó rí bí àbẹ́là tí wọ́n ha wẹ́wẹ́. Ó yọ́ ọ pọ̀ mọ́ òrí àti àdín lórí iná, ó ń da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ìjábẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná bọ̀ lù ú. Ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò pínyà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan funfun yẹn fẹ́ràn omi lápá kan, ó fẹ́ràn òróró lápá kejì. Ó máa ń yí ẹ̀kán òróró kọ̀ọ̀kan ká, kò ní jẹ́ kó rí èkejì rẹ̀ dìmọ́. Mo bi í bóyá bí ọṣẹ ṣe ń mú epo kúrò lára ìkòkò nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ìbátan ni wọ́n. Ibẹ̀ ni àyà mi tún já. Bó bá jẹ́ ìbátan ọṣẹ, ṣé kò ní bó awọ ọmọ? Ó ní èyí kò le bí ọṣẹ, ìwọ̀nba sì ni òun ń fi sí i. Ó tún kán nǹkan mìíràn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ sí i, nítorí ìpara tó bá ní omi nínú tètè máa ń bàjẹ́. Ẹ jàre ọ̀rọ̀ omi nígbà náà, àbí ẹ kò jàre? Ta ni kí n bi?

Mo kọ́kọ́ fi pa inú apá mi, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Kò yún mi, kò pọ́n. Ṣùgbọ́n awọ mi ti gbó. Kí ló kan awọ ọmọ tuntun níbẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, mo wẹ̀ ẹ́ tán, mo tẹ́ ẹ sórí itan. Mo ti pinnu pé ẹsẹ̀ kan péré ni a ó fi dán an wò. Omi ìwẹ̀ ṣì ń kán lọ́wọ́ mi nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìpara náà. Mo rò pé èyí tó ti ní omi nínú kò tún ní kórìíra omi. Ni Mojísọ́lá bá pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì:

“Màmá, ẹ nu ọwọ́ yín ná! Ọwọ́ tútù kì í wọ ibẹ̀.”

Màámi, ọmọ yìí kò mọ̀ yín. Ẹ ti lọ kí wọ́n tó bí i, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ igbá òrí yín fún un rí. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Mo nu ún, mo nu ṣíbí pẹ̀lú, bí ẹ ṣe máa ń nu tiyín, mo bù ú, mo sì fi pa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Ó ti sùn báyìí. Mo ń kọ̀wé, mo ń dìde, mo ń ká aṣọ sókè wò ó. Ẹsẹ̀ náà ti ń rọ̀. N kò tíì fi pa èkejì. Ẹ bá mi fojú sí i.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ,
Ọlọ́wọ́-tútù