Àlejò Inú Páálí

Ọmọ mi àtàtà, tíṣà mi lọ́la,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò ní kó sí ọ lójú, ọ̀fun rẹ kò sì ní gbẹ láàárín ẹ̀kọ́. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù, ṣùgbọ́n kò tíì pa mí, tó bá ti pa mí, ta ló wá ń kọ lẹ́tà yìí? Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ yìí torí mi ò mọ ẹni tó tún ń bá wa gbọ́. Wàá mọ ìdí rẹ̀ tí o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Páálí tí o fi rán dírẹ́bà dé ní ọjọ́ Wẹ́sídeè. Dírẹ́bà náà kọ̀, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló gbé e kalẹ̀ sí, ó ní láti ìdajì ọ̀nà ni nǹkan ti ń kan páálí láti inú, mo ní títì ló burú, ó ní títì ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé báwo ni ẹrù ṣe dé, mo yẹ inú páálí wò dáadáa, mo kọ ọ́ pé ayọ̀ ló bá dé, ó kàn rù ni. Wọ́n tún béèrè pé kí ni mo jẹ́ sí ẹrù, ìbéèrè yẹn le díẹ̀, mo ní kí n má kọ ohun tí kò dá mi lójú, mo bá kọ ọ́ pé a ṣì ń wò ó.

Gbogbo ohun tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ ni mo rántí. O ní eegun èèyàn ni, pé ike ni wọ́n fi ṣe é, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa níbí lè rí i kà ní ọjọ́ tí o bá wálé wá kọ́ wọn, tí àwọn alábẹ̀wò máa wá wo bí o ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí tíṣà. O ní mẹ́rin ni o bá nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì ta ọ̀kan fún ọ ní pọ́ọ́kú torí pé apá òsì rẹ̀ wọ́. Èmi náà gbà pé ike ni. Ṣùgbọ́n ike ni o, kì í ṣe ike ni o, a kì í fi àlejò sílẹ̀ sínú páálí, mo gbé e jókòó sórí àga ní pálọ̀, mo sì fi aṣọ bò ó láti ìbàdí wálẹ̀, torí obìnrin wà nínú ilé.

Ọjọ́ tí o pè pé kí n jẹ́ kí o fi fóònù wò ó, má bínú, etí ni mo gbé e sí, ibẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé fóònù ń lọ. O ń pariwo pé etí mi nìkan lò ń rí, mo bá béèrè bóyá ó mọ́. Mo wá gbé fóònù náà sí etí àlejò kí òun náà lè kí ọ. O wá béèrè pé ta ló ń mí sínú fóònù yẹn. Mo ní èmi ni. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Mo na ọwọ́ ni, èmi fúnra mi jìnnà sí fóònù. Láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ olóríkunkun yẹn, tí a kì í rí lé kúrò ní pálọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí báyìí, á kàn máa wo àga náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá àgbà rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó béèrè pé ṣé Ẹlẹ́rìn-ín ti dé. Ẹlẹ́rìn-ín ni àbúrò mi, bàbá kékeré rẹ tí o ò bá láyé yìí, tó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá kí a tó bí ọ, tí a ò rí lẹ́tà, tí a ò rí òun alára. Inú kànga tí àwa méjèèjì jọ ń gbẹ́ ló já sí tí apá òsì rẹ̀ fi dá, ìyá wa ló fi pákó dè é, ó so, ṣùgbọ́n ó wọ́.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, màmá ní kí a mú òun lọ kí àlejò rẹ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ wá a lọ sókè bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo èèyàn, ó dé ibi tó wọ́ yẹn, ó dúró. Ó ní, Ẹlẹ́rìn-ín, wọn ò fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀. Mo ní màmá, ike ni. Ó ní ike tó bá dá, ó dá náà nìyẹn, ike wo ló ń so padà? Mo sún mọ́ ọn, mo wo ẹnu rẹ̀. Eyín iwájú tí mo fi èèkù ọkọ́ yọ fún àbúrò mi nígbà tí a ń jà lọ́mọdé, kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn màmá nìkan ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n á sọ tirẹ̀ tán, á dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹlòmíì fi lè fèsì, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ní Sátidé ó pè mí, ó ní ó ti rẹ àbúrò mi láti máa dúró, wọ́n gbé e kọ́ sára irin fún ọdún gbọọrọ, ó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ó ní ilé làbọ̀ sinmi oko.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọ̀gá ilé-ìwé fi dé, ó ní kí n kó eegun jáde. Mo ní èèyàn wa ò lọ ibì kankan. Ó ní tí kò bá sí eegun, kò sí ẹ̀kọ́, tí kò bá sí ẹ̀kọ́, ìwé-ẹ̀rí ọmọ mi ti lọ nìyẹn. Ọmọ mi, mo mọ bí o ṣe fẹ́ iṣẹ́ yìí tó, láti kékeré ni o ti ń to eegun alángbá sórí ìwé, tí ìyá rẹ ń fi ìgbálẹ̀ lé ọ. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, mo gbé ọkọ́. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbẹ́ kànga, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbẹ́lẹ̀ tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má kan omi. A tẹ́ àbúrò mi síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá ò béèrè ẹnikẹ́ni. Ó sùn fọnfọn.

Má jẹ́ kí ti àwọn alábẹ̀wò dẹ́rù bà ọ́. Ara mi ti gbẹ tó, màá bọ́ ẹ̀wù, màá dúró síwájú kíláàsì, kí àwọn ọmọ ka ìhà mi, èyí tí wọn ò bá rí, kí wọ́n tẹ̀ mí níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé, mo ní kó lọ kọ ọ́ sí i.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ, kì í ṣe ti orúnkún mi. Màmá ní Ẹlẹ́rìn-ín ń dárò àwọn mẹ́ta tó fi sílẹ̀, pé èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, òjò ń jò sí i lórí. Ìwọ ò kọ ọ̀rọ̀ fèrèsé sí wa. Jọ̀ọ́, lọ wò ó kí wọ́n tó wó ibẹ̀. Béèrè ọmọ ta ni wọ́n, bóyá ìyá kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbì kan. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀ wọ́n, fi owó ọkọ̀ wọn ránṣẹ́ sí dírẹ́bà kó máa kó wọn bọ̀, kó má sì dì wọ́n sínú páálí. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta sí i.

Ibi yòówù tí iṣẹ́ tíṣà bá gbé ọ dé, wàá padà wálé. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi rìn wọlé, ẹran ara rẹ á wà lára eegun rẹ, a ò sì ní fi ọwọ́ wá ọ kí a tó mọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, agbẹ́kànga.