Ẹ Pín Gàrí Wa Dọ́gba

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ifàkò níbí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin àtàwọn ọmọ rẹ̀. Òjò ibí kì í dá, aṣọ wa kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ara le. Èrò pọ̀ nílùú yìí, síbẹ̀ àárò yín ń sọ mí.

Ìyá mi, inú ń bí mi. Gàrí tí ẹ fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa. Lásìkò Sáàpù yìí, tí ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n àpò Táyéwò tóbi, tèmi kéré. Awakọ̀ ní ẹ ní Táyéwò ló ń ṣe iṣẹ́ agbára. Láti kékeré wa, ẹ kì í ra bàtà fún un kí ẹ má ra tèmi. Ẹran kan ṣoṣo, ẹ máa ń gé e sí méjì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi o, inú abọ́ kan náà la ti jọ ń jẹun.

Òótọ́ ni, Táyéwò ti di géńdé. Iṣẹ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀ nílé iṣẹ́ ọṣẹ n'Íkẹjà, páálí kan náà là ń gbé. Apá tirẹ̀ ń ki, iṣan ń yọ. Tèmi obìnrin, ìdí àti itan ló ń gba gbogbo oúnjẹ. Wọ́n wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀, owó ibẹ̀ sì ju tèmi lọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo rán an wá tọ́ ayé wò! Mo ń jowú rẹ̀, mi ò ní purọ́. Tó bá bọ́ ẹ̀wù láti pọn omi, àwọn ọmọge yàrá kejì á máa wò ó, èmi á máa kùn.

Mo bi nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa pé kí ló fà á. Ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní họ́mónù wà nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń darí ibi tí oúnjẹ ń gbà. Èyí tó pọ̀ lára ọkùnrin máa ń jẹ́ kí oúnjẹ àti iṣẹ́ di iṣan. Ti obìnrin ń tọ́jú ọ̀rá sí ìdí àti itan de ìgbà oyún àti ọmú. Ó ní mi ò ya ọ̀lẹ, apá tèmi náà ti le sí i, ọ̀rá ló bò ó. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó lè bá họ́mónù náà sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi.

Mo ti gbà fún họ́mónù. Kò mọ̀ pé ìbejì ni wá. Ẹ̀yin mọ̀, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín gàrí wa dọ́gba.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ bá wa kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín, bí Táyéwò ṣe jẹ́ ọmọ yín,
Kẹ́hìndé