Pàṣán Mẹ́jọ Nítorí Ìdámẹ́rin

Abúlé wa, lẹ́bàá Erínjẹ,
Okìtìpupa.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1972.

Helen, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ ìwé. Mo nírètí pé ibà tí o kọ̀wé nípa rẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lọ, àti pé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń tó yín jẹ. Àwa nílé wà láàyè. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní pupurú ẹ̀gẹ́ tí o béèrè ti gbẹ, ẹni tí yóò bá wa gbé e wá ni a kò tíì rí. Tí mo bá sọ pé ara mi le, òótọ́ ni. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn ju èyí tí mo máa ń kọ sí ọ lọ.

O mọ̀ pé tíṣà tí kò ní ìwé ẹ̀rí ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, irùngbọ̀n sì ti hù lágbọ̀n mi kí n tó kà á tán. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn ni àwọn ìjọ tó ni ilé-ìwé wa ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré, láti ibẹ̀ ni mo ti gòkè dé kíláàsì kẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe ìdánwò Girédì Tírì ti àwọn tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìṣirò sì gbé mi ṣubú. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ ni pé ìwé mi sọnù lọ́nà Ìbàdàn. Kò sọnù.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí: ní táámù kìíní, ìdá, ìyẹn ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin; ní táámù kẹta, dẹ́símà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì. N kò sọ fún wọn rí pé ohun kan náà ni méjèèjì, nítorí èmi fúnra mi kò mọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń pín in lórí pátákó títí ½ yóò fi di 0.5, tí ¼ yóò sì di 0.25. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di gàrí ni, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní ẹ̀gẹ́ mọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, n kò mọ ohun tí ó jẹ́. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí gbogbo ilé-ìwé tẹra mọ́ dẹ́símà nítorí owó tuntun tí a ó máa ná láti oṣù Kìíní. Èmi náà tẹra mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo kọ 0.5 àti 0.25 sójú pátákó, mo ní kí wọ́n sọ èyí tó pọ̀ jù. Gbogbo kíláàsì ní 0.25 ni, nítorí ohun tí mo kọ́ wọn nìyẹn: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju márùn-ún lọ. Àrìnkẹ́ nìkan ló ní 0.5 ni. Ọmọ Jethro tó ń kọ ẹyìn lọ́nà odò ni, ìdílé wọn ló ń ṣe ìjọ Aláàdúrà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó béèrè bóyá òun lè fi hàn mí, kí n sì tó dáhùn, ó ti fa ẹyọ mẹ́wàá yọ lára ìgbálẹ̀ kíláàsì, ó tò wọ́n sórí tábìlì mi. Ó ní, ‘Sà, ẹ jẹ́ ká pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní odindi kan. 0.5 jẹ́ márùn-ún nínú wọn, ìdajì nìyẹn. 0.25 jẹ́ méjì àti ààbọ̀.’ Ó ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì láti fi ààbọ̀ náà hàn mí. ‘Ìdámẹ́rin nìyẹn, sà. Ohun tí a kọ́ ní táámù kìíní náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.’

Àwọn ọmọ ń wò mí, Helen. Ìtìjú ló bò mí, mo bá pè é ní ìbínú. Mo ní ó ń bá àgbà jiyàn. Mo nà án ní pàṣán mẹ́fà látẹ́lẹwọ́, mo sì ní kó kọjú sí kíláàsì, kó sọ pé 0.25 ló pọ̀ jù. Kò sọ ọ́. Mo fi méjì kún un. Ó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Jethro wá bá mi ní ilé-ìwé. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó ṣí fìlà, ó ní, ‘Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bá a wí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé orí rẹ̀ gbé ìwé?’ Mo lè sọ fún un pé kò sí èyí tó gbé ìwé tó o nínú kíláàsì náà. Ohun tí mo sọ ni pé, ‘Kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e. Olóríkunkun sì ni.’ Ó mi orí. Ó ní òun àti ìyá Àrìnkẹ́ ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé mọ́dà tí ọmọ náà fẹ́ lọ lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, àti pé Ọlọ́run ti gba ẹnu mi dá àwọn lóhùn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti mú un lọ sí Àjàgbà, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, kó máa bá a ṣe pupurú tà.

Oṣù Kẹwàá ni ìsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé dé. Ìbéèrè yẹn gan-an ló bi àwọn ọmọ, gbogbo wọn sì dáhùn pọ̀ bí ẹni ń kọrin. Ó ní ta ló kọ́ wọn, wọ́n nawọ́ sí mi. Kò pariwo lé mi lórí. Ó pè mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, ‘Bàbá, ìdajì iṣu àti ìdámẹ́rin iṣu, èwo lẹ máa mú?’ Mo ní ìdajì. Ó ní kí n kọ méjèèjì ní dẹ́símà sórí bébà. Mo kọ 0.5, mo kọ 0.25, mo wá dúró síbẹ̀, mo ń wo ohun tí ọwọ́ mi kọ. Ó gba bébà náà, ó ká a sápò, ó sì lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo to ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́wàá sórí tábìlì bí Àrìnkẹ́ ṣe tò ó. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó lé mi jáde nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọdé ti fi ìgbálẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì nà án.

Mo sọ fún kíláàsì lọ́jọ́ kejì pé èmi ni mo ṣìnà. Wọn kò gbà mí gbọ́. Wọ́n rò pé mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò jiyàn ni, kí n lè nà án. Mo gé ìbẹ́pẹ, mo la oparun sí mẹ́wàá, mo tò ó níwájú wọn. Wọ́n á ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’ Tí mo bá kọ ọ́ sí pátákó, wọ́n á tún ní 0.25 ló pọ̀ jù. Vincent tó jókòó lẹ́yìn bi mí pé, ‘Sà, èwo ni ká wá kọ nínú ìdánwò, ti tẹ́lẹ̀ àbí ti ìsinsìnyí?’ Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù fún wa kí ìdánwò ìparí kíláàsì kẹfà tó dé. Àwọn mẹ́tàlélógún ló ṣe ìdánwò náà. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: mẹ́rin ló yege.

Lẹ́tà tèmi náà dé. Láti oṣù Kìíní, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ dúró níwájú kíláàsì mọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà kì bá tí fi ọmọ mi sábẹ́ irú mi.

Mo lọ bá Jethro, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, ‘Tíṣà, ó ti bọ́. A ti gba ohun ìdána lórí rẹ̀.’ Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wọ lọ́rí lọ sí Àjàgbà. Mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, ‘Àrìnkẹ́, ìwọ lo gbà á lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ṣì í. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni.’ Àbúrò ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń bá ọmọ ṣàwàdà. Àrìnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í jẹ́jẹ́, èwo ló pọ̀ jù nínú 0.5 àti 0.25? Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi méjèèjì, bóyá mo mú nǹkan dání. Ó ní, ‘Pọ́ìntì túù fáìfù, sà.’ Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé kó sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó ní, ‘Pọ́ìntì túù fáìfù ni, sà. N kò ní jiyàn mọ́.’ Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bẹ.

Helen, ìwọ náà yóò di tíṣà láìpẹ́. Bí ọmọ kan bá dìde tó ní o ṣìnà, jókòó kí o gbọ́ ọ tán. Èyí kò lè dá Àrìnkẹ́ padà, mo mọ̀. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fún ọ.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Kí ó fún ọ ní òye tí kò fún mi, kí ó sì fún ọ ní sùúrù ju òye lọ. O kò ní fi ẹnu rẹ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ambrose.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, má kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ sínú lẹ́tà tí o bá kọ sí i. Èmi ni mo máa ń kà á fún un, mi ò sì tún fẹ́ parọ́ fún ẹnikẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí mo bá kà.