Òdòdó Tí Wọ́n Ní Ká Fi Omi Dù

Ọ̀fà,
Oṣù November, 1961.

Láńrewájú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara Caroline ìyàwó rẹ le? Olúwa tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ẹnikẹ́ni kò kú nílé, àfi òdòdó rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ, nítorí inú ń bí mi gidigidi.

Nígbà tí o fi òdòdó lílì yẹn ránṣẹ́ nínú rélùwéè, pé ká bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ẹ óò fi rí ilé tuntun, mo rò pé nǹkan jíjẹ ni. Àṣé a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, torí pé ó lóró. O ní inú pálọ̀ ni kí ó máa gbé lẹ́bàá fèrèsé, kí oòrùn ọ̀sán má pa á. Èmi baba rẹ, inú oòrùn ni mo ti ń kọ ebè láti kékeré, o kò kọ̀wé rí pé kí oòrùn má pa mí. Síbẹ̀ mo gbé rédíò kúrò lórí tábìlì fún un.

Nígbà tí ó yọ òdòdó funfun rẹ̀ tán, ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo kọ̀wé sí ọ, o ní ó fẹ́ sinmi ni, kí a má fún un lómi mọ́, pé o ń bọ̀ wá mú un ní Kérésì. Ta ló kọ́ ọ ní ìkà? Ara ẹni kò yá, ẹ ní ká fi omi dù ú! Akódà tó wá mú baba mi nítorí owó orí pàápàá, a kọ́kọ́ bu omi tútù fún un mu ni.

Ìyá rẹ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kà á sí i létí pé o ń bọ̀ wá mú òdòdó, ó ní òdòdó yìí ni yóò mú ọ wálé, torí ọdún mẹ́ta nìyí tí a ti rí ọ gbẹ̀yìn. Ó gbé e wọ yàrá rẹ̀, ó ń bomi sí i láàárọ̀ lálẹ́, ó ń pè é ní ọkọ mi. Nígbà tí ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ojoku ni mo fọwọ́ kan òdòdó náà, ó ti jẹrà láti ìdí, ó ń rùn.

Kí ni kí n ṣe? Mo dà á nù, mo hú kókò kan lẹ́yìn balùwẹ̀, mo gbìn ín sínú ìkòkò rẹ, torí ewé wọn jọra. Ìyá rẹ dé, ó rí ewé tútù, ó fò sókè tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ní ara òdòdó ti yá, ọmọ òun ń bọ̀. O rí i bí o ṣe sọ èmi àgbà ìjọ di òpùrọ́?

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òògùn orúnkún náà àti bátìrì rédíò. Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, ọmọ tìrẹ náà kò ní í gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n kí o wá o. Bí o bá dé, kí o wo inú ìkòkò yẹn dáadáa, kí o kí ìyá rẹ kú ìtọ́jú òdòdó. Bí o bá pè é ní kókò níwájú rẹ̀, èmi kọ́ ni mo bí ọ.

Èmi ni baba rẹ,
Akínwándé.