Iṣẹ́ Òkè-Ìṣà Ti Parí, Olówó Orí Mi

Dádì Morọ́lá, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ! Ọdún mẹ́ta gbáko! Èmi aya yín ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi àtàwọn ọmọ, láti ilé yín ní Ire-Akari, Ìsọlọ̀. Ẹ jókòó dáadáa o, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá.

Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òkè lọ sí Òkè-Ìṣà ní Èkìtì, tí ẹ ń wádìí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbin iṣu láàárín àpáta, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti ìdí tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní ọmọ oníṣu. Ìwé tí ẹ ń kọ nípa wọn kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ikú dé. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó tán, ó ti bá yín lọ. Hùn! Wọn ò mọ irú ilé tí ẹ ti fẹ́yàwó.

Morọ́lá ló kọ́kọ́ gbéra lọ sí Òkè-Ìṣà láti parí rẹ̀. Ọmọ Ìsọlọ̀ pọ́ńbélé! Wọ́n gbé iṣu sísun àti epo pupa síwájú rẹ̀, ó ní òun ti yó, ẹ ṣeun mà. Ó rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń ṣe! Bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tí kò bá bá wọn jẹun kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè oko. Wọ́n gbé iṣu wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ yín sunkún wálé, ó ní òun ti ba iṣẹ́ bàbá òun jẹ́.

Ni mo bá dìde. Èmi tí orúnkún ń dùn! Èmi àti Morọ́lá di orí òkè. A jẹ iṣu, a lá epo ọwọ́, mo tún tọrọ sí i. Ìyá Ọlọ́runṣògo, tó dàgbà jù níbẹ̀, rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyàwó Akínbọ̀wálé mọ oúnjẹ jẹ ju ọkọ rẹ̀ lọ! Ó gbé ọkọ́ lé ọmọ yín lọ́wọ́. Odindi àsìkò òjò ni Morọ́lá fi bá wọn kọ ebè. Ọwọ́ rẹ̀ bó, àmọ́ àwọn àgbà sọ gbogbo ohun tó kù fún un, ó sì fi parí ìwé náà.

Kọ́láolúwa ọmọ wa náà ti bímọ o! Àjàó Estate ló ń gbé báyìí. Iwájú orí yín ni ọmọ náà gbé wáyé, ẹ kú ewu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kó ìwé jáde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ará Òkè-Ìṣà ru iṣu wá! Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ń tijú oko tẹ́lẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀yà pé ìwé ìlú àwọn nìyí. A ṣẹ́gun! Orúkọ yín ló ṣáájú lára ìwé, tọmọ yín tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó kọ ọ́ bọ́ síta, orúkọ yín ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Olówó orí mi, èmi ni mo dìde, mo sì dáhùn sí orúkọ yín. A nífẹ̀ẹ́ yín. Àárò yín ṣì ń sọ wá, gidi gan-an.